Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti já o! Ta ni kó gba iṣẹ́ kóòṣì Leicester báyìí?

AkọKọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ (Ìbàdàn) · 28/5/2023, 9:47 alẹ́

Ẹ kú ìrọ́jú o, gbogbo ilé. Mi ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti ọ̀sán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wò ó, ẹ mọ ohun tójú wa rí. Àwa Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ọmọ Leicester, na West Ham 2–1. Barnes gbá ọ̀kan wọlé, Faes fi orí kan èkejì, a ṣe tiwa. Àfi bí Doucouré ti Everton ṣe fi ẹyọ góòlù kan ṣoṣo já okùn wa ní Goodison. Everton 1, Bournemouth 0. Póíǹtì 36 ni wọ́n fi parí, àwa ní 34, ipò kejìdínlógún, a já kúrò ní Premier League. Ó tán.

Níbi tí mo ti ń wò ó ní Bódìjà, tẹlifíṣọ̀n méjì ni wọ́n gbé kalẹ̀, tiwa lọ́wọ́ ọ̀tún, ti Everton lọ́wọ́ òsì. Nígbà tí góòlù yẹn wọlé, kò sẹ́ni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ni ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ní kí n má wulẹ̀ sanwó mínírà tí mo mu. Ìyẹn gan-an ló fẹ́ pa mí lẹ́kún. Àwọn tí kì í jẹ́ kí n gbádùn, tí wọ́n bá ti wá ń ṣàánú mi, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá àwàdà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbé ẹkún tì ná. Òpin sáà yìí ni àdéhùn Dean Smith, kóòṣì wa, mọ. Ṣé kó dúró ni, àbí ká wá ẹlòmíì? Tèmi, Graham Potter ni mo fẹ́. Ó ti kọ́ Swansea ní ìsọ̀rí kejì (Championship) yẹn, ó tún Brighton ṣe títí tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n. Ọjọ́ kan náà tí àwa lé Rodgers, kóòṣì tó ṣáájú Smith, 2 oṣù kẹrin, ni Chelsea lé òun náà. Ilé ló jókòó sí. Ẹ sọ tiyín.

---

Gúnà_Ìlọrin · 28/5/2023, 9:58 alẹ́

Ẹ kú àbọ̀ sísàlẹ̀ o 😂😂 Ẹ bá mi kí Plymouth ní ìsọ̀rí kejì.

---

AkọKọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ · 28/5/2023, 10:03 alẹ́

Gúnà, ẹ̀yin ọmọ Arsenal tẹ́ ẹ wà lókè tábìlì fún ọjọ́ 248, tẹ́ ẹ wá fọwọ́ ara yín gbé ife fún Man City, ẹ ṣì lẹ́nu? Àwa gba líìgì ní 2016. Ìgbà wo lẹ̀yin gbà á kẹ́yìn? Jọ̀ọ́, ilé ọ̀fọ̀ lo wà yìí, rọra.

---

Ìyáìbejì_LE (Leicester) · 29/5/2023, 6:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Mo wà ní pápá wa lọ́jọ́ náà. Láti bí ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbé ìlú yìí, mi ò rí irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn rí. A ń borí, kò sẹ́ni tó ń kọrin. Fóònù ni gbogbo èèyàn ń wò. Bàbá òyìnbó kan níwájú mi fi rédíò sétí bíi pé ó ń gbọ́ ìròyìn ogun. Ìgbà tó yọ ọ́ létí tó sì ká okùn rẹ̀ sápò ni mo mọ̀ pé ó ti parí.

Ní ti Smith, ẹ má jẹ́ ká ṣẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin ló dé, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́jọ péré ló kù. Ó borí méjì, ó ta ọ̀mì mẹ́ta, ó pàdánù mẹ́ta. Póíǹtì mẹ́sàn-án nìyẹn. Ọbẹ̀ tó ti ń jóná kí wọ́n tó pe èèyàn sídìí ààrò, ẹ ò lè ní òun ló jó o.

Èyí tí mi ò ní gbàgbé ni ti Everton, 1 oṣù karùn-ún. A ń borí 2–1, ó ku díẹ̀ ká lọ fún ìsinmi, wọ́n fún wa ní pẹ́náritì. Maddison gbá a sí àárín gbùngbùn, Pickford, aṣọ́lé Everton, kàn dúró, ó mú un. Wọ́n ní wọ́n ti kọ ọ́ sára ìgò omi rẹ̀ pé àárín ni Maddison máa gbá a sí. Nígbà tí a padà wọlé, ta ló dá a padà? Iwobi. Ọmọ Nàìjíríà tiwa! 2–2. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ká ní pẹ́náritì yẹn wọlé, tí a sì borí, àwa ì bá ní 36, Everton ì bá ní 35. Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ owó rẹpẹtẹ, ìgò omi ló yanjú ẹ̀.

---

BàbáTáyọ̀_Hackney · 29/5/2023, 8:41 àárọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ó yé mi pé ọ̀pọ̀ nínú yín, ìgbà tí kóòṣì Ranieri gba líìgì ní 2016 lẹ darapọ̀. Kò burú. Ẹ jẹ́ kí n pìtàn díẹ̀, torí èyí kọ́ ni àkọ́já.

Orúkọ Yorùbá ló mú mi wá sídìí Leicester. Ní 2000, wọ́n ra Ade Akinbiyi lọ́wọ́ Wolves ní mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn. Kò sí agbábọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ náà ná tó bẹ́ẹ̀ sí rí nígbà yẹn. Hackney níbí ni wọ́n ti bí ọmọ náà. Bí mo ṣe gbọ́ Akínbíyìí lẹ́nu òyìnbó tó ń ka ìròyìn, tó ń lọ́ ọ mọ́lẹ̀ bí aṣọ ìnulẹ̀, mo ní ẹgbẹ́ tèmi nìyí. Ẹ má bi mí bó ṣe gbá bọ́ọ̀lù náà sí. Ọmọ wa gbìyànjú, àwọ̀n ni kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ní 2002, a já. Ọdún náà la kúrò ní Filbert Street, pápá wa àtijọ́. Pápá tuntun, gbèsè rẹpẹtẹ, kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ fi wọ ọwọ́ àwọn tó ń ṣètò gbèsè. Micky Adams ni kóòṣì wa nígbà náà. Èèyàn tí kò ní orúkọ ńlá, ṣùgbọ́n tó mọ inú líìgì yẹn bí ẹní mọ ẹ̀yìn ilé bàbá ẹ̀. Ó fi póíǹtì 92 mú wa gòkè lọ́dún kan.

Ní 2008, a tún já, a bọ́ sí ìsọ̀rí kẹta, ibi tí a ò dé rí láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Wọ́n pe kóòṣì Nigel Pearson. Póíǹtì 96, a gba ife ibẹ̀. Ó lọ, ó padà wá, ní 2014 ó fi póíǹtì 102 gba ti ìsọ̀rí kejì. Vardy tẹ́ ẹ ń kọrin ẹ̀ yìí, lábẹ́ Pearson la rà á lọ́wọ́ Fleetwood, ẹgbẹ́ tí kò sí nínú líìgì gidi nígbà náà. Ilé tí Ranieri kun lọ́dà wúrà, Pearson ló fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n.

Nítorí náà, ẹ yéé sá tẹ̀lé orúkọ tó ń dún. Daniel Farke mú Norwich gòkè lẹ́ẹ̀mejì, 2019 àti 2021, ó sì gba ife lẹ́ẹ̀mejèèjì. Chris Wilder mú Sheffield United gòkè. Irú wọn ni kẹ́ ẹ wá.

---

TàkíTíìkì (Abẹ́òkúta) · 29/5/2023, 10:15 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ Bàbá Táyọ̀, mo gbádùn ìtàn yín, ṣùgbọ́n ẹ gbà mí láyè kí n ta kò yín díẹ̀. Farke yẹn náà ló bá Norwich já ní 2020. Ó mọ ọ̀nà òkè, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó pa wá gan-an. Góòlù 51 la gbá wọlé. Everton tó là gbá 34. Chelsea, pẹ̀lú gbogbo owó wọn, 38. Wolves 31! Nínú àwọn tó jù wá lọ lórí tábìlì, ọ̀pọ̀ ni kò gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n tó wa. Ibi tí ó ti bàjẹ́ ni ẹ̀yìn: 68 ló wọlé wa. Fulham nìkan gbá márùn-ún sí wa. A gbá mẹ́ta lọ́jọ́ yẹn, a pàdánù. Ta ló ń gbá mẹ́ta níta tó ń pàdánù?

Schmeichel, aṣọ́lé wa, lọ sí Nice, a ò ra ẹni tó máa dípò ẹ̀. Ward la fi síbẹ̀, nígbẹ̀yìn wọ́n gbé Iversen jáde. Fofana, ọmọ ẹ̀yìn wa, lọ sí Chelsea, Faes la rà, ọmọ náà sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbá méjì sílé wa ní Anfield, pápá Liverpool, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo. Mo fẹ́ràn Faes o, irun ẹ̀ wù mí, àmọ́ òótọ́ lọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹni tí mo ń wá ni ẹni tó máa kọ́ wọn láti má ṣe fi bọ́ọ̀lù tọrẹ. Bí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́sẹ̀ tiwa, kò sẹ́ni tó lè fi gbá a sílé wa. Ẹ wo kóòṣì Kompany ní Burnley. Sean Dyche fi ọdún mẹ́wàá kọ́ wọn láti máa gbé bọ́ọ̀lù sókè. Kompany dé, ó yí gbogbo ẹ̀ padà nínú oṣù díẹ̀, póíǹtì 101! Kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní líìgì yẹn rí kó tó débẹ̀.

---

BàbáTáyọ̀_Hackney · 29/5/2023, 10:52 àárọ̀

Ọmọ mi, Kompany kan ló wà. Gbogbo ẹni tó bá gé irun bíi ti Guardiola, ọ̀gá tó kọ́ Kompany, kọ́ ló ní orí Guardiola.

---

TàkíTíìkì · 29/5/2023, 10:55 àárọ̀

Guardiola ò nírun, sà 😂

---

BàbáTáyọ̀_Hackney · 29/5/2023, 11:01 àárọ̀

Ó yé mi. Ìdí nìyẹn.

---

Olúyọlé_Títí_Ayé · 29/5/2023, 1:30 ọ̀sán

Mo ń ka gbogbo yín, mò ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ìjábọ́ ò ju ọdún kan lọ.

Èmi, ọmọ 3SC (Shooting Stars Ìbàdàn) ni mí. Bàbá mi ló máa ń gbé mi lé èjìká lọ sí Adamasingba. Ẹgbẹ́ tó gba ife Áfíríkà ní 1976, ẹgbẹ́ Odegbami, ẹgbẹ́ Muda Lawal, ẹgbẹ́ tí Yekini ti gbá bọ́ọ̀lù. Ní 2017, a já. Kì í ṣe àwa nìkan o, Remo Stars já, ABS Ìlọrin náà já, ọdún yẹn burú fún gbogbo ilẹ̀ káàárọ̀-o-ò-jíire. Gbogbo wa ń pariwo pé kóòṣì ni, kóòṣì ni, ta ni ká pè, ta ni ká pè. Irú ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń sọ gan-an. Ìgbà wo la padà? 2021. Ọdún mẹ́rin gbáko nínú eruku.

Ẹ wá wo Remo Stars. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni wọ́n já, wọ́n gòkè, wọ́n tún já. Ṣùgbọ́n wọn ò da ilé wọn rú. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́ ní Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n ń tọ́ wọn lọ. Daniel Ogunmodede tó ń kọ́ wọn, wọn kì í gbé e lọ gbé e bọ̀ bí àga ìnáwó. Lónìí, wọ́n wà nínú àwọn mẹ́fà tó fẹ́ wá du ife líìgì ní Oníkan lóṣù tó ń bọ̀. Àwa ńkọ́? À ń wò wọ́n láti ilé.

Nítorí náà, kì í ṣe ta ni ẹ máa pè. Ṣé ẹ máa jẹ́ kó jókòó bó bá pàdánù mẹ́ta léra? Ìyẹn ni kẹ́ ẹ bi olówó yín.

---

AkọKọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ · 29/5/2023, 1:44 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Olúyọlé, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n tiwa kì í ṣe pé wọ́n ń lé kóòṣì. Tiwa ni pé wọ́n ò tètè lé e! Rodgers ṣe gudugudu méje: ipò karùn-ún lẹ́ẹ̀mejì, ife FA ní 2021, góòlù Tielemans sí Chelsea yẹn, mo ṣì ń wò ó lórí fóònù mi bí oorun bá dá lójú mi. Àmọ́ láti oṣù kẹjọ ló ti hàn pé nǹkan ti yí. Khun Top tó ni ẹgbẹ́ wa dúró tì í, ó dúró tì í, títí tó fi ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wàá. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ ju àwa lọ.

---

Ìyáìbejì_LE · 29/5/2023, 2:20 ọ̀sán

Ẹ má bú Khun Top níwájú mi o. Láti ọjọ́ tí hẹlikópítà bàbá ẹ̀ já lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá yẹn ní 2018, ọmọ yẹn ò fi wá sílẹ̀. Àwọn olówó mìíràn ì bá ti tà wá. Ó ṣì ń sanwó. Ó ṣe àṣìṣe ni, kì í ṣe ìkà.

---

AkọKọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ · 29/5/2023, 2:25 ọ̀sán

Mo tọrọ àforíjì, Màmá. Mi ò bú u.

---

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Houston · 30/5/2023, 4:08 àárọ̀

Scott Parker ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ẹ̀. Fulham, 2020, ó mú wọn gòkè. Bournemouth, 2022, ó mú wọn gòkè. Bàbá Táyọ̀, ṣé òun kọ́ lẹ̀ ń wá, ẹni tó mọ ọ̀nà?

---

Ìyáìbejì_LE · 30/5/2023, 6:45 àárọ̀

Parker tó ń wọ súwẹ́tà bí olùkọ́ ilé-ìwé Sunday. Liverpool gbá mẹ́sàn-án sílé ẹ̀ láìfún un ní ẹyọ kan, wọ́n lé e kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Ó lọ sí Brugge, Benfica gbá márùn-ún sí i, wọ́n lé e. Ẹni tó bá ń wọ aṣọ tó dáa tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi ń lé e báyìí? Mi ò fẹ́.

---

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Houston · 30/5/2023, 6:50 àárọ̀

Àṣé aṣọ ló ń bí yín nínú 😂

---

Kékeré_Ṣùgbọ́n_Ewu · 30/5/2023, 9:00 àárọ̀

GERRARD!!!

---

BàbáTáyọ̀_Hackney · 30/5/2023, 9:04 àárọ̀

Rárá.

---

TàkíTíìkì · 30/5/2023, 9:05 àárọ̀

Rárá.

---

Ìyáìbejì_LE · 30/5/2023, 9:11 àárọ̀

Ẹ wò ó, Villa lé Dean Smith, wọ́n gbé Gerrard síbẹ̀. Tá a bá wá lé Dean Smith tá a sì gbé Gerrard síbẹ̀, ṣé a ò ní làákàyè tiwa ni? Rárá.

---

Alábòójútó · 30/5/2023, 12:00 ọ̀sán

Mo ti yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò nípa Danny Ward àti ìyá rẹ̀. Ẹ máa bú bọ́ọ̀lù, ẹ má bú ìyá ẹnikẹ́ni. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ara rẹ̀, ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ nìyí.

---

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Houston · 6/6/2023, 3:15 àárọ̀

Ẹ ti rí àwọn tó ń lọ? Tielemans, Söyüncü, Evans, Amartey, Mendy, gbogbo wọn, àdéhùn tán, wọ́n ń lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Kọ́bọ̀ kan ò ní wọlé. Ọdún méjì sẹ́yìn, ẹ̀ bá ta Tielemans nìkan kẹ́ ẹ fi owó ẹ̀ kọ́ ilé. Kóòṣì tó bá dé, yàrá òfìfo ló máa bá. Àga nìkan.

Tèmi ni pé, kí wọ́n ṣe é kí Ndidi àti Iheanacho dúró. Àwọn méjèèjì ló ku ọdún kan lórí àdéhùn wọn. Ẹni tó bá dé, kó kọ́kọ́ bá Ndidi sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń dà á láàmú, kì í ṣe Ndidi tó máa ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ èèyàn bí ẹní gba owó orí mọ́. Inú mi ń bàjẹ́ tí mo bá rí i.

Tí Lookman bá ṣì wà níbí, ǹjẹ́ à bá já? A yá a lọ́dún tó kọjá, a ò rà á, Atalanta rà á. Ẹ lọ wo bó ṣe ń gbá góòlù ní Ítálì.

---

Olúyọlé_Títí_Ayé · 6/6/2023, 7:32 àárọ̀

Ẹ pe Yakubu padà! Ní 2011 tó wá yá ẹsẹ̀ fún yín, góòlù 11 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 20. Mo mọ̀ pé ó ti sanra, kò ní láti sáré.

---

BàbáTáyọ̀_Hackney · 6/6/2023, 7:50 àárọ̀

Kò sáré nígbà náà náà.

---

TàkíTíìkì · 11/6/2023, 12:14 òru

Ẹ ti rí Man City? Rodri gbá ọ̀kan, wọ́n na Inter 1–0, wọ́n gba Champions League, ife mẹ́ta lọ́dún kan. Ẹ má wo Guardiola. Ẹ wo ọkùnrin orí pípá tó wà lẹ́yìn ẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ará Ítálì ni, Enzo Maresca, igbákejì Guardiola. Wọ́n ti ń dá orúkọ ẹ̀ mọ́ wa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ẹ̀yin ò sì sọ nǹkan kan.

Ó gba líìgì àwọn ọ̀dọ́ fún City ní 2021. Òun fúnra rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù ní Juventus, ó gbá méjì sáwọ̀n Middlesbrough nígbà tí Sevilla gba ife UEFA ní 2006. Ó tún ti gbé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí, West Brom ló wà nígbà tó wà ní ọmọdé. Bàbá Táyọ̀, West Brom, ìsọ̀rí kejì yẹn gan-an! Ó ti jẹ iyanrìn ibẹ̀ rí.

---

BàbáTáyọ̀_Hackney · 11/6/2023, 8:20 àárọ̀

Mo lọ wádìí ọkùnrin yín. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ti dá kọ́ àwọn àgbà. Parma, 2021, ìsọ̀rí kejì Ítálì, ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já bíi tiwa gẹ́lẹ́. Buffon wà nínú ilé fún un. Kò pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi lé e. Ṣé ẹ gbọ́? Iṣẹ́ tí a fẹ́ gbé fún un yìí gan-an, wọ́n ti gbé e fún un rí, ó sì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó ń bá alásè gbé àwo, tó mọ adùn ọbẹ̀, kò tíì mọ iye iyọ̀.

---

TàkíTíìkì · 11/6/2023, 8:47 àárọ̀

Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já ni. Ṣé oṣù mẹ́fà tó láti tún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe? Pearson tẹ́ ẹ fẹ́ràn, nígbà tí a wà nísàlẹ̀ pátápátá ní Kérésì 2014, ká ní wọ́n lé e nígbà yẹn ńkọ́? Wọ́n fi í sílẹ̀, ó borí méje nínú mẹ́sàn-án tó kẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n Olúyọlé ti sọ ọ́ láti ọjọ́ kìíní: jíjókòó ló ń ṣe é.

---

BàbáTáyọ̀_Hackney · 11/6/2023, 9:30 àárọ̀

Hmm.

Ẹ jẹ́ kí n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ná.

---

Gúnà_Ìlọrin · 11/6/2023, 9:33 àárọ̀

TàkíTíìkì lé bàbá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì 😂😂😂

---

AkọKọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ · 16/6/2023, 2:05 ọ̀sán

Ó TI JÁDE. Maresca ni. Ọdún mẹ́ta.

Potter ò fojú kan wa. Mo gbà.

---

Ìyáìbejì_LE · 16/6/2023, 2:30 ọ̀sán

Ọlọ́run jẹ́ ó yé e. Ìdí tí inú mi fi dùn díẹ̀ kò ju ọjọ́ tí wọ́n mú un lọ. Oṣù kẹfà la wà yìí. Ó máa wà pẹ̀lú wọn ní Seagrave láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ìgbaradì. Pápá ìdánrawò tí wọ́n fi nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù pọ́n-ùn kọ́, tí àwa wá fi ń múra fún Plymouth, ó yẹ kí ẹnì kan lò ó dáadáa. Rodgers dá wà pẹ̀lú wàhálà, Smith bá iná lórí òrùlé. Èyí ló máa bá ilé láìsí iná. Ilé kò ní àga, òótọ́ ni Ọmọ Ẹ̀gbá sọ, ṣùgbọ́n kò sí iná.

Mo ti sanwó tíkẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀. Àwọn ìbejì ní kí n má tiẹ̀ rò ó pé mo máa lọ láìmú wọn.

---

BàbáTáyọ̀_Hackney · 16/6/2023, 6:12 ìrọ̀lẹ́

Mo ti gbọ́. Mi ò ní ṣépè. Mo ní ìbéèrè kan fún TàkíTíìkì. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 46 ló wà nínú líìgì yẹn. Ọjọ́ Tuesday, òjò, òtútù, pápá tó kún fún ẹrẹ̀, ọkùnrin gíga mẹ́ta tó ń wá orí aṣọ́lé rẹ fi kọ́nà. Aṣọ́lé rẹ wá ń fi ẹsẹ̀ tàn wọ́n jẹ níwájú ilé ara rẹ̀, nítorí kóòṣì ní kó má gbá a sókè. Ṣé ọkàn rẹ lè gbà á?

---

TàkíTíìkì · 16/6/2023, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Kò lè gbà á, sà. Ṣùgbọ́n mo máa wò ó.

---

Olúyọlé_Títí_Ayé · 16/6/2023, 8:00 alẹ́

Mò ń fi orúkọ yín pamọ́ gbogbo yín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ "kí wọ́n lé e" síbí kó tó di Kérésì, òun ló máa ra àmàlà fún gbogbo ilé nígbà tá a bá pàdé. Ìyẹn gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ́, gbẹ̀gìrì àti ewédú, ẹran ògúnfe. Gúnà, kò kàn ẹ́.

---

Gúnà_Ìlọrin · 16/6/2023, 8:02 alẹ́

Èmi tí mo ti wà níbí láti ọjọ́ kìíní?

---

AkọKọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ · 22/6/2023, 10:40 àárọ̀

Wọ́n ti gbé ètò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ jáde. Coventry la máa kọ́kọ́ gbá, nílé, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ, ọjọ́ Sunday.

Mo lọ bá ẹni tó ni ibi ìwòran ní Bódìjà láàárọ̀ yìí, mo ní kó bá mi fi Leicester sí tẹlifíṣọ̀n kan. Ó ní Championship kẹ̀? Ó ní àyàfi tí mo bá gbé èèyàn mẹ́wàá wá, tí oníkálukú á sì sanwó ẹ̀ ṣáájú. Mo ti rí mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n Olúyọlé, mo ti kọ orúkọ yín mọ́ ọn láìbèèrè, ẹ má bínú. Ó ku márùn-ún. Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn, kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀.

---

Olúyọlé_Títí_Ayé · 22/6/2023, 10:58 àárọ̀

Mo ń bọ̀. Ẹ̀wù 3SC ni mo máa wọ̀ wá o.

---

Gúnà_Ìlọrin · 22/6/2023, 11:03 àárọ̀

Ìlọrin sí Ìbàdàn, èló ni owó mọ́tò báyìí?